Ìbéèrè Ìbídùn Nípa Àwọn Ọmọ Jóòbù

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ọjọ́ tí ẹnìkan kì í dá mi dúró lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ kí ó ní, "Tíṣà, Èkó ńkọ́?" Bí mo bá ti la ẹnu, iná mànàmáná ni wọ́n ń fẹ́ gbọ́, àti ọkọ̀ ojú omi, àti bóyá òótọ́ ni pé àwọn ará Èkó kì í kí ènìyàn. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló gbé mi lọ. Ọmọ mi obìnrin, Ìbídùn, ló gbé mi lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn mi ni òun wà.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ọmọ ọdún mẹ́jọ tó máa ń sáré ṣáájú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti odò. Ní ìgbà òjò tó kọjá, ibà mú un ní ọjọ́ Ajé. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ibà ti lọ, agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì bá a lọ. Bí a bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ó ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín wá kí wa, ẹ gbé ọsàn àti ẹyin wá, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Díákónì wa àgbà náà wá. Ó jókòó, ó wo ọmọ náà títí, ó ní, "Tíṣà, yẹ ara rẹ wò. Ọlọ́run kì í na ènìyàn lásán." Ìyàwó mi dìde, ó wọ yàrá lọ. N kò dá Díákónì lóhùn nítorí pé àgbà ni, àti nítorí pé mo ti ń yẹ ara mi wò kí ó tó dé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìtàn Jóòbù ni ẹ̀kọ́ wa bọ́ sí. Kí n tó lọ kọ́ àwọn ọmọ yín, mo kọ́kọ́ kà á fún Ìbídùn lórí ẹní rẹ̀, bí mo ti máa ń ṣe. Mo ka bí ìjì ṣe wó ilé lu àwọn ọmọ Jóòbù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá níbi tí wọ́n ti ń jẹun. Mo sáré fo àárín, mo dé ìparí, níbi tí Ọlọ́run ti dá ohun gbogbo padà fún un ní ìlọ́po méjì. Ọmọ náà mọ ìṣirò. Ó ní kí n tún ìparí yẹn kà.

"Bàbá, àgùntàn di ìlọ́po méjì," ó ní. "Ràkúnmí di ìlọ́po méjì, màlúù náà. Àmọ́ ọmọ mẹ́wàá ló ní tẹ́lẹ̀, mẹ́wàá náà ni wọ́n tún fún un. Kí ló dé tí wọn ò sọ ọmọ di ogún?"

"Mẹ́wàá tuntun ni," mo ní.

"Àwọn tí ilé wó pa ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe?"

Mo pa Bíbélì dé. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìtàn yẹn, n kò sì bi ara mi léèrè rí. Jóòbù ni wọ́n fẹ́ dán wò. Àwọn ọmọ náà ni ilé wó lù. Mo tún rántí àwọn ìkókó Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí ọba pa nítorí ọmọ kan ṣoṣo tó ń wá. Mo rántí àwọn àkọ́bí Íjíbítì, èyí tó wà lórí ọmú nínú wọn. Mo lọ bá Pásítọ̀, mo ní n kò lè kọ́ àwọn ọmọdé mọ́.

Kò bá mi wí. Ó ní, "N kò ní fi agbára mú ọ. Ṣùgbọ́n gbé ọmọ lọ sí Èkó ná. Wọ́n ní ọsibítù kan wà níbẹ̀ tó ń tọ́jú ọmọ tí kò lè dìde dúró."

Ọkùnrin tó pọnmọ

N kò ní fi ìròyìn ọkọ̀ dá yín lágara. Ìyàwó mi kò lè tẹ̀ lé wa nítorí ọmọ ọwọ́, nítorí náà èmi ni mo pọn Ìbídùn, mo fi ọ̀já ìyá rẹ̀ dì í. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin já wa sílẹ̀, tí mo rí àwọn ènìyàn tó ń tú jáde bí ẹni pé ìlú mẹ́wàá ló ń kó lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ mi kọ̀ láti gbé. Ẹnìkan kò kí mi lóòótọ́. Wọ́n ń yà fún mi bí omi ṣe ń yà fún òkúta.

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ará òkè ni yín, àbí? Ta ló kọ́ yín ní ọmọ pípọ̀n? Ọmọ yín fẹ́ já bọ́. Ẹ jẹ́ n bá yín tún un so jàre."

Ó gbé igbá búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀ láàárín èrò, ó tú ọ̀já, ó tún ọmọ náà gbé sókè. Nígbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ kan àwọn ẹsẹ̀ tó ń mì lọ́tùn-ún lósì. Ó dì í dáadáa, ó fún un ní búrẹ́dì kan, ó gbé igbá rẹ̀, ó lọ. Kò bi orúkọ wa. Mo ti rò pé àìkíni ni ìwà ọ̀dájú. Láti ọjọ́ yẹn, n kò mọ̀ mọ́.

Mùṣin ni a dé sí, lọ́dọ̀ ọmọ ìlú wa kan tó jẹ́ Mùsùlùmí, télọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Súlè. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Súlè, ń ra ẹja ní Mákòkó, àdúgbò àwọn apẹja, ó ń kiri tà á lójúlé dé ojúlé. Àwọn ọmọ méjì tó wà nílé, Sìkírátù àti Wàsíù, Èkó ni wọ́n bí wọn sí. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, wọn á ní, "Ẹ tún un sọ, Tíṣà." Ilé tiwọn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé Yorùbá tèmi ní òórùn oko.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a dé, wọ́n gbé ẹ̀bà síwájú wa, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó jẹ́ pé ẹja inú rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀sà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo na ọwọ́. Bàbá Súlè di ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ mú.

"Tíṣà, ẹ gbàdúrà tiyín ná. A máa dúró."

Ó ti tó oṣù méjì tí n kò gbàdúrà tó dé ọkàn mi. Mo di ojú, mo tẹ orí ba, n kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Nígbà tí mo la ojú, gbogbo ilé ní, "Àmín."

Lórí bẹ́ǹṣì

Ẹ dárí jì mí, mo ti rò pé èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Nígbà tí a wọ gbọ̀ngàn ọsibítù, ọmọ kún inú rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Ìgbò, ọmọ Haúsá, ọmọ Ègùn, gbogbo wọn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti Ìbídùn. Ìyá kan tó jẹ́ Ìgbò sún fún wa lórí bẹ́ǹṣì. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ó wo ọmọ mi, mo wo tirẹ̀, ó sì mi orí sí mi bí ẹni pé a ti mọ ara wa tipẹ́.

Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé bàbá gbogbo ọmọ wọ̀nyí ni Ọlọ́run ń nà, ẹ̀ṣẹ̀ wo ni gbogbo wa jọ lọ dá?

Dókítà náà, òyìnbó kan, bọ Ìbídùn lọ́wọ́ bí ẹni ń kí àgbà kí ó tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa. Ẹsẹ̀ náà kò ní padà sí bó ti wà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rọ irin sí i, tó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá, yóò dìde dúró.

"Ṣé màá lè sáré?" Ìbídùn bi í.

Nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wò mí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ọmọ náà. "O ò ní lè sáré, ọmọ mi. Wàá rìn."

Ọmọ náà rò ó díẹ̀. "Ó dáa," ó ní.

Èmi kò lè sọ pé ó dáa.

Ẹni tó ń lu irin

Ẹ̀yìn ọsibítù náà ni ilé iṣẹ́ kékeré kan wà, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin fún ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ẹni tó ń ṣe é ni wọ́n ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Fìlípì, ọkùnrin kúkúrú kan tó wọ épírọ́ọ̀nù awọ. Nígbà tó dìde láti pàdé wa, mo gbọ́ ìró irin lára òun náà. Àìsàn kan náà ló ṣe é nígbà tó wà ní kékeré.

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ìbídùn ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi téèpù wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ bí télọ̀ ṣe ń wọn ọmọge fún aṣọ ọdún, ó ń bi í ibi tó ń dùn ún àti ibi tí kò dùn ún. Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin, mo bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́fun mi láti ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí tiyín ṣẹlẹ̀, ṣé wọ́n sọ ẹni tó ṣẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Háà, wọ́n sọ! Bàbá mi ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìyá mi ni. Ẹ̀sùn yẹn wà lọ́rùn rẹ̀ títí ó fi kú."

Mo sọ fún un pé tíṣà ọmọdé ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé n kò lè kọ́ ìtàn Jóòbù mọ́. Ó gbé òòlù sílẹ̀.

"Ẹ̀yin tíṣà náà! Ní ìparí ìwé yẹn, ta ni Ọlọ́run bínú sí?"

Mo ronú. "Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n gbèjà Ọlọ́run."

"Ẹn-ẹn. Wọ́n ní Ọlọ́run ò lè na ènìyàn lásán, pé kí Jóòbù lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Jóòbù ní irọ́ ni, ó ní kí Ọlọ́run wá kí àwọn jọ rojọ́. Ta ni Ọlọ́run wá sọ pé ó sọ̀rọ̀ tó tọ́?"

"Jóòbù," mo ní. Láti kékeré ni mo ti ń ka orí ìwé yẹn. Ojú mi ti kọjá lórí rẹ̀ bí ẹni ń sáré kọjá lẹ́nu ilé bàbá rẹ̀. Ọlọ́run kò gba ti àwọn tó ń fi ẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ láti gbèjà rẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé ó ti dá yín lóhùn?"

"Rárá o. Láràárọ̀ ni mo ń bi í. Mo ń bi í, mo ń lu irin." Ó gbé òòlù rẹ̀. "Kò tíì dáhùn. Irin náà ò sì tíì tán lọ́wọ́ mi."

Mákòkó

Irin náà gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Súlè ní kí n gbé ọmọ wá, kí a tẹ̀ lé òun lọ ra ẹja, kí ó lọ gba atẹ́gùn sára.

Ẹ̀yin tí odò wa tóbi lójú yín, n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́. Àwọn ilé dúró lórí òpó nínú omi, èéfín ẹja ń gba inú òrùlé wọn jáde. Igi gẹdú tí wọ́n fẹ́ là ń léfòó lẹ́bàá ibẹ̀, òórùn ìyẹ̀fun igi sì gba gbogbo afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà omi nìkan ló kù, títí dé ibi tí ojú mi mọ, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn sí i, ẹyẹ funfun ń bà lé e, wọ́n ń fò.

Kò sí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Ọmọdé àti àgbà jókòó sínú ọkọ̀ kékeré, ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ síbi gbogbo. Ọmọbìnrin Ègùn kan tó tó Ìbídùn ní ọdún kọjú sí i, ó na àjẹ̀ ìtukọ̀ kan sí i. Ìbídùn gbà á. Ó tì í bọ omi. Ọkọ̀ wa yí bìrí, ẹja tí Ìyá Súlè ti rà fẹ́ dà nù, Ìyá Súlè kígbe, ọmọ mi sì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí ibà yẹn ti mú un, n kò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Fún bí wákàtí kan, kò sí arọ kankan nínú ayé.

Mo rántí pé nígbà tí Ọlọ́run dá Jóòbù lóhùn, kò ṣàlàyé ilé tó wó. Òkun ló fi hàn án, àti ẹranko, àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbé. Lójú tèmi, ìdáhùn yẹn kò tó rí. Lórí omi yẹn, n kò rí àlàyé gbà, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé Ẹni tí mo ti ń bá jà láti ọjọ́ yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀, kò sì tíì lé mi kúrò níwájú rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo bi Ìyá Súlè ìgbà tí Súlè máa wálé. Mo ti rò pé ó ń kọ́ṣẹ́ níbì kan.

Ó ń to ẹja lọ. "Súlè ti kú, Tíṣà. Kí a tó kó dé Mùṣin ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kí lẹ ṣe? Ẹ ò kúkú mọ̀."

"Kí ló dé tí wọ́n ṣì ń pè yín ní Ìyá Súlè?" Ìbídùn béèrè. "Ẹ ní Sìkírátù, ẹ ní Wàsíù."

"Òun ló kọ́kọ́ sọ mí dìyá. Nígbà tó ń lọ, kò gba orúkọ náà padà lọ́wọ́ mi."

Ọmọ náà wá sọ ọ̀rọ̀ Jóòbù fún un, àgùntàn, ràkúnmí, ọmọ mẹ́wàá àti mẹ́wàá, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi.

"Ànábì Àyúbà nìyẹn," Ìyá Súlè ní. "Tiwa náà ni. Lẹ́mọ́mù sọ fún wa pé Ọlọ́run kó àwọn ará ilé rẹ̀ padà fún un, ó sì tún fi irú wọn kún wọn."

"Tiwa ò sọ bẹ́ẹ̀. Mẹ́wàá péré ni wọ́n fún un."

"Gbọ́, ọmọ mi. Àgùntàn tó kú ti tán, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní láti fi ìlọ́po méjì dá a padà. Ọmọ tó kú, ta ló sọ fún ẹ pé ó ti tán? Mẹ́wàá ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, mẹ́wàá ń bẹ nílé. Mélòó ni?"

Mo wo ojú Ìbídùn bó ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó di apá mi mú.

"Ogún! Bàbá, ó pé! Ó pé!"

Obìnrin tí kò mọ ìwé, tó ń ta ẹja, ló bá mi rí ohun tí mo ti ń kà kọjá láti ìgbà èwe mi. Kò sọ ìdí tí ilé fi wó. Òun náà kò mọ̀ ọ́n, òun náà sì ní tirẹ̀ tó wó.

Ìgbésẹ̀

Ní ọjọ́ tí irin náà parí, Ẹ̀gbọ́n Fìlípì gbé e wá bá wa ní gbọ̀ngàn, Ìbídùn sì kọ̀ ọ́. Ó wúwo, ó tutù, kò lẹ́wà. Ó sunkún títí ó fi ń ṣe súke. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n Fìlípì sì fà mí sẹ́yìn.

"Ẹ má bẹ̀ ẹ́. Ẹ kàn lọ dúró síbi tó ti lè rí yín."

Òun fúnra rẹ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi òróró nu irin ẹsẹ̀ tirẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó pẹ́. Ìbídùn wò ó. Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí wọ́n de irin náà mọ́ òun lẹ́sẹ̀, ó di igi ìdúró mú lọ́tùn-ún àti lósì, ó fa ara rẹ̀ dìde.

Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Ó ṣubú. Mo fò sókè, Ẹ̀gbọ́n Fìlípì sì di agbádá mi mú ṣinṣin. Gbogbo ìyá àti bàbá tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń wò ó. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wò mí, ó tún dìde. Mo gbọ́ irin náà lórí sìmẹ́ńtì, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, kọ́ọ̀, ó ń bọ̀ wá bá mi, òógùn bo ojú rẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ mi. Obìnrin Ìgbò tó sún fún wa ní ọjọ́ kìn-ín-ní kígbe ní èdè rẹ̀, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké.

Mo kúnlẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, irin ni mo rí gbà. Ohun méjì yìí kò dọ́gba, n kò sì ní sọ fún yín láé pé wọ́n dọ́gba. Síbẹ̀, níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, tí ojú èmi àti ti ọmọ mi ṣe déédéé nítorí pé òun wà lórí ìdúró, mo gbàdúrà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òjò. Kì í ṣe àdúrà gígùn. "Mo rí Ọ," ni mo ní.

Nílé

Ẹ ti rí i bó ṣe ń rìn báyìí. Díákónì wá kí wa, ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan irin náà, kò sì sọ nǹkankan. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún àìsọ yẹn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kejì tí a dé, mo padà síwájú àwọn ọmọ yín. Mo kọ́ wọn ní Jóòbù. Mo sọ fún wọn pé n kò mọ ìdí tí ilé fi wó lu àwọn ọmọ náà, pé Jóòbù pàápàá kò mọ̀ ọ́n dọ́jọ́ ikú, pé Ọlọ́run kò sì bínú sí ẹni tó béèrè. N kò rò pé wọ́n ti gbọ́ ọ rí kí tíṣà sọ pé òun kò mọ nǹkan. Mo ní Bíbélì sọ orúkọ àwọn ọmọbìnrin Jóòbù mẹ́ta tó bí lẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sọ orúkọ ẹnì kankan nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a sọ wọ́n lórúkọ.

Wọ́n ń pè é, mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó. Olú. Ìyábọ̀. Ọmọ aláwàdà kan ní kí n kọ orúkọ òun, a jọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ kan pe orúkọ àbúrò rẹ̀ tí èèyi pa lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rín náà sì tán. Nígbà tí orúkọ mẹ́sàn-án pé, tó ku ẹyọ kan, kò sí ẹni tó ní orúkọ mìíràn láti pè.

Ìyá àgbà kan wà tó máa ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, Màmá Rúùtù; Rúùtù ni orúkọ òun fúnra rẹ̀. Gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí kò bímọ rí. Ó ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́yìn ní ọjọ́ náà, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa.

"Tíṣà," ó ní, "bá mi kọ Bámidélé."

Mo yíjú sí i.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò láyé," ó ní. "Kí n tó dé ìlú yìí ni."

Mo kọ ọ́. Ó gbé ọwọ̀ rẹ̀ ti ògiri, ó wá sí ibi pátákó náà, ó sì bi mí pé èwo ni, nítorí pé kò mọ̀wé. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e sábẹ́ orúkọ náà.

Agogo ìsìn lù. Kò gbé ìka náà kúrò.